Ìdí Tí Bàbá Funfun Fi Ń Fọ Funfun Nìkan

Ẹ ṣeun tí ẹ ní kí n wá bá yín sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gba fírídọ̀mù, fẹ́ kí àgbàlagbà kan wá sọ bí èèyàn ṣe ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí kò fi ní dàrú mọ́ni lọ́wọ́. Ká ní ọdún tó kọjá lẹ ké sí mi ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí kí ẹ tó mu mínírà tó wà níwájú yín tán. Ìtàn kan wà tí mo máa ń sọ, ó ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ní òpin, ìmọ̀ràn sì wà nínú ẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè mú lọ sílé. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣẹlẹ̀ láàárín èmi àti ọmọ àbúrò mi kan ní Ìjerò, láti ìgbà náà ni ìtàn ọ̀hún kò ti dúró sójú kan fún mi mọ́. N óò sọ ọ́ fún yín bó ṣe rí. Ẹni tó bá yé nínú yín, kó wá ṣàlàyé fún mi tá a bá jáde.

Arámọkọ ni mo dàgbà sí. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, alágbàfọ̀ kan wà ládùúgbò wa tí gbogbo ìlú ń pè ní Bàbá Funfun. Aṣọ funfun nìkan ló ń fọ̀. Aṣọ àwọn akọrin Áńgílíkà àti ti Mẹ́tọ́díìsì, jalabíà àwọn Mùsùlùmí tó ń lọ kírun Jímọ̀, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn tíṣà, aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni gbogbo wọn ń lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá gbé aṣọ aláwọ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ì báà jẹ́ gèlè kékeré, á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ulé òun kò gbà á. Bó ṣe ń pe ilé nìyẹn, bí gbogbo wa ṣe ń pè é nígbà náà, kí rédíò tó kọ́ wa ní ohùn mìíràn. Lẹ́yìn náà á júwe ilé obìnrin kan fún ọ nísàlẹ̀ ọjà, á ní ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ aláwọ̀ tọ́jú.

Ẹ̀yin kò mọ ariwo tí aṣọ máa ń pa létí odò. Odò kékeré kan ń ṣàn kọjá lẹ́yìn ilé-ẹ̀kọ́ wa, àpáta pẹlẹbẹ kan sì wà létí ẹ̀. Bá a bá wà ní kíláàsì láàárọ̀, a ó máa gbọ́ ọ: pàà, pàà, pàà. Bàbá Funfun ló ń na aṣọ mọ́ àpáta. Tíṣà wa á bojú wo ọ̀nà odò, torí ó mọ̀ pé ṣẹ́ẹ̀tì òun wà lára àwọn tó ń jẹ pàṣán níbẹ̀. Ohùn mìíràn ni ti ọ̀sán, nígbà tó bá ń lọ aṣọ. Á bu omi sẹ́nu, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì á wú, á wá fẹ́ omi náà sára aṣọ, fúúù, bí ìrì. Lẹ́yìn náà ni áyọ́ọ̀nù eléèédú á balẹ̀, ìdérí ẹ̀ á máa dún kó, kó, bó ti ń lọ tó ń bọ̀. Ìyàwó ẹ̀ ló ń fi gbágùúdá ṣe sítáàṣì tó ń lò, ó sì máa ń ki. Aṣọ tó bá kúrò lọ́wọ́ ẹ̀ lè dá dúró. Mo fojú mi rí ṣòkòtò tíṣà kan tó dúró lórí ẹsẹ̀ méjèèjì láìsí ènìyàn nínú ẹ̀, tí ajá ilé ń gbó o.

Lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tó bá sá aṣọ sórí àpáta àti sórí okùn, kò sí ilé kan ládùúgbò wa tó máa ń jó pàǹtí. Kò sí òfin lórí ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì lu agogo kéde ẹ̀. Gbogbo èèyàn kàn mọ̀ pé eérú á bà lé aṣọ. Ìyá mi kò ní aṣọ funfun kankan, kò sì jẹ Bàbá Funfun ní gbèsè oore kankan, síbẹ̀ á kó koríko tó ro jọ, á ní ó di Mọ́ńdè. Àwọn tó ń yan iṣu pàápàá á gbé ààrò wọn lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ wá lọ dán an wò lónìí. Aládùúgbò yín á tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀, á kọjú èéfín ẹ̀ sí fèrèsé yín, tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀, á bi yín pé ṣé ẹ̀yin lẹ bá òun ra epo ni.

Kì í ṣe pé Bàbá Funfun bẹ̀rẹ̀ báyẹn. Àwọn tó jù wá lọ sọ pé nígbà tó kọ́kọ́ dé ìdí iṣẹ́, kò sí ohun tí kì í fọ̀. Ìkórè ọdún kan ló yí i padà. Ìjọ kan wà lókè, ìjọ kan wà nísàlẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń ṣe ìkórè lọ́jọ́ kan náà. Àwọn akọrin òkè ń wọ pupa, àwọn ti ìsàlẹ̀ ń wọ àwọ̀ ewé. Òun ni wọ́n kó aṣọ méjèèjì fún. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ ìkórè, ó kó pupa lọ sí ìsàlẹ̀, ó kó àwọ̀ ewé lọ sí òkè. Wọ́n tú ìdì, wọ́n wo ara wọn. Ẹni tó ń tẹ dùùrù ti bẹ̀rẹ̀, èrò ti dìde dúró, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n wọ̀ ọ́. Ìjọ méjèèjì fi aṣọ ìjọ kejì kọrin títí ìsìn fi parí, àwọn èèyàn kan tilẹ̀ rò pé wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ nítorí ìfẹ́ ni. Ìgbà tí wọ́n pàdé ní oríta lẹ́yìn ìsìn, obìnrin kan láti ìsàlẹ̀ bojú wo ẹni tó wọ tiẹ̀, ó ní kó máa mí díẹ̀díẹ̀ o, kó má baà fa aṣọ òun ya. Ẹ̀rín ni wọ́n fi tú ká. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Bàbá kò ti gba aláwọ̀ mọ́.

Ìtumọ̀ tí mo fún ìtàn yìí, tí mo sì ti sọ fún ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ dá iṣẹ́ sílẹ̀, ni pé iṣẹ́ pọ̀ jù lọ́wọ́ Bàbá lọ́jọ́ náà. Ó rí i pé òun kò lè mú gbogbo ẹ̀, ó fọgbọ́n mú ẹyọ kan, ẹyọ kan náà sì sọ ọ́ di ẹni tí Ìjerò àti Ẹ̀fọ̀n mọ̀. Mú ohun kan, kó o mọ̀ ọ́n ṣe, kí wọ́n fi mọ̀ ọ́. Ṣé ẹ rí i pé ó dùn gbọ́? Ó tún ní àwọn ẹ̀ka tí mo máa ń fi kún un. Tó o bá sọ fún oníbàárà pé Ọjọ́bọ̀, jẹ́ kó jẹ́ Ọjọ́bọ̀. Iṣẹ́ tí o kò lè ṣe, sọ bẹ́ẹ̀ nígbà tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó gbé e wá, má ṣe gbà á wọlé kó o tó máa ronú. Kó o sì mọ ẹni tó lè ṣe é, kó o dárúkọ ẹni náà láìyínmú. Àwọn wọ̀nyí ṣì dá mi lójú. Èyí àkọ́kọ́ yẹn gan-an ni kò dá mi lójú mọ́.

Mopélọ́lá ni ọmọ àbúrò mi tí mo ń wí. Bàbá ẹ̀ ti kú, èmi ló kù tó ń pè ní bàbá. Yàrá iwájú nínú ilé tí bàbá ẹ̀ kọ́ sí Ìjerò ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù ìfọṣọ. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ó ń fọ aṣọ, ó ń lọ aṣọ, ó tó. Ẹnì kan wá bi í pé ṣé ó ń fọ rọ́ọ̀gì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Òmíràn ní kátíìnì ńkọ́, ó ní ẹ gbé e wá. Lẹ́yìn náà ni bàtà. Lẹ́yìn náà ni omi tútù inú ọ̀rá, lẹ́yìn náà ni POS, lẹ́yìn náà ló ra àga oníke tó ń fi háyà fún àwọn tó ń sọmọ lórúkọ. Mo lọ kí i lọ́jọ́ kan, mo rí aṣọ lórí àga, mo rí àga lórí rọ́ọ̀gì, àwọn èèyàn ń pè é láti ìhà gbogbo, ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kálukú wọn sì fẹ́. Kò ráyè bi mí pé ṣé mo ti jẹun.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọkọ ìyàwó wá gba agbádá tó fẹ́ fi ṣègbéyàwó lọ́jọ́ náà gan-an. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì ni agbádá ọ̀hún wà, ó rin gbindin, torí Mopé ti bá àwọn kan gbé àga lọ sí ọ̀nà Òkè-Ìmẹ̀sí láti àná. Ti àbúrò ẹ̀ ni ọkùnrin náà wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, orúnkún ló mọ sí. Ìyá ọkọ ìyàwó dé ṣọ́ọ̀bù ní Mọ́ńdè, kò pariwo. Ó kàn kó gbogbo aṣọ ilé ẹ̀ tó kù níbẹ̀, ó ní òun á máa fọ̀ ọ́ fúnra òun. Àwọn mìíràn gbọ́, àwọn náà wá kó tiwọn.

Mopé wá bá mi ní Arámọkọ. Ó jókòó tì mí.

"Bàbá, mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù yẹn pa. Ẹ̀gbọ́n kan l'Ádó tó ní ẹ̀rọ ńlá ní kí n wá máa bá òun ṣiṣẹ́. Mo ti sọ fún wọn pé n óò dáhùn ní ìparí oṣù yìí."

Ẹ jẹ́ kó yé yín. Bó bá lọ, kò sí ẹlòmíràn tó ń gbé ilé yẹn. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ilé àbúrò mi, koríko á gba ẹnu ọ̀nà, alángbá á jókòó sí yàrá tó ti ń lọ aṣọ. Mo ti rí irú ilé bẹ́ẹ̀ púpọ̀ ní gbogbo ìlú wa, ẹ̀yin náà ti rí i. Mo bá nawọ́ mú ìtàn mi. Mo sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ní kó mú ohun kan, kó pa ìyókù tì. Ó bi mí pé èwo. Mo ní Bàbá Funfun mú funfun.

Ọmọ náà gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ó padà dé Ìjerò, ó ní funfun nìkan lòun ń gbà. Kò pẹ́ tó fi pè mí lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ má bínú o. Ta ló ń wọ funfun ní Ìjerò mọ́?"

Mo fẹ́ dárúkọ wọn fún un, n kò rí dárúkọ. Aláwọ̀ ni àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀ báyìí. Aṣọ àwọn akọrin ti di èyí tó ń dán, tí wọ́n á gbọ̀n lásán tí á sì gbẹ. Ṣẹ́ẹ̀kì ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń wọ̀, ànkárá ni tíṣà ń wọ̀. Ó ní ẹnì kan ṣoṣo tó wọlé wá ni ọkùnrin kan tó ń wọ sùtáánà funfun, ó ní òun kì í fún ẹlòmíràn fọ tòun, òun kàn fẹ́ béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta búlúù tí wọ́n fi ń fọ funfun ni. Mopé ń rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rín náà. Mo ní kó má pe ará Adó ná. Mo ní ká jọ lọ bá Sísí Dèbórà.

Sísí Dèbórà ni ọmọ Bàbá Funfun. Ó jù mí lọ díẹ̀, sísí la sì ń pè é láti ìgbà èwe wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ìlú Ara ló lọ́kọ sí, ibẹ̀ náà ló ń gbé dòní. Ẹ̀gúsí ló ń bó lọ́wọ́ nígbà tá a wọlé. Mo kí i, mo ní mo mú ọmọ yìí wá kó lè gbọ́ lẹ́nu ẹ̀ bí Bàbá ṣe fọgbọ́n mú iṣẹ́ kan ṣoṣo nígbà tí iṣẹ́ wọ̀ wọ́n lọ́rùn.

"Ọgbọ́n wo?" ló bi mí.

Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Nígbà tí mo fi máa dé oríta tí àwọn akọrin ti pàdé, Sísí ti ń rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀gúsí fi dà sílẹ̀.

"Ṣé ohun tó o ti ń sọ káàkiri látọjọ́ yìí nìyẹn? Bàbá mi kò rí pupa."

Mo ní báwo.

"Kò rí i ni mo wí. Pupa àti àwọ̀ ewé, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀. Tí ata bá pọ́n lóko, ìyá mi ló ń sọ fún un. Ìdì méjì ló rí lọ́jọ́ náà, tí wọ́n jọra bí ìbejì. Ojú ń tì í láti sọ ọ́, ó wá ní òun kò gba aláwọ̀ mọ́. Ó tán."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ṣé ẹnì kan nínú yín ti wọ bàtà oníbàtà jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì rí, tó jẹ́ pé ó ti rìn dé títì kó tó mọ̀? Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mí. Mo rántí pé òwú dúdú ni Bàbá fi ń ṣàmì sí ọrùn aṣọ gbogbo ènìyàn, bó ṣe ta kókó ẹ̀ ló fi ń mọ ti ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì, nígbà tí àwọn alágbàfọ̀ yòókù ń lo òwú oríṣiríṣi. Mo ti rò pé àṣà ẹ̀ ni. Mo wá bi Sísí pé, ká ní ojú Bàbá dá ṣáṣá, ṣé á ti máa fọ gbogbo ẹ̀ lọ? Ó ní kí ló fẹ́ dá a dúró. Ó ní Bàbá fẹ́ràn aṣọ aláwọ̀, ó máa ń dùn ún tó bá ń dá wọn padà. Mo ní, ó dáa, kí ló wá jẹ́ kí iṣẹ́ ẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀? Ó wò mí bí ẹni ń wo ọmọdé.

"Ṣé èmi mọ̀? Gbogbo aláwọ̀ tó bá dé, obìnrin ìsàlẹ̀ ọjà ló ń darí wọn sí. Obìnrin yẹn náà ń darí funfun sí wa. Mo rò pé bóyá ìyẹn ni. Bóyá kì í ṣe ìyẹn."

Gbogbo àkókò yìí, Mopé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá Sísí ṣa ẹ̀gúsí tó dà sílẹ̀. Sísí ṣàdédé di ọwọ́ ẹ̀ mú, ó yí àtẹ́lẹwọ́ ẹ̀ sókè. Awọ ibẹ̀ ti bó, ó ń pọ́n yòò láàárín ìka. Èmi tí mo ń pe ara mi ní bàbá ẹ̀, n kò wo ibẹ̀ rí.

"Kí ló ṣe ọwọ́ ẹ?"

"Ọṣẹ ni, Mà. Ọṣẹ àti hípò. Tí mo bá ti fọ aṣọ tó pọ̀, bó ṣe máa ń bó nìyẹn. Mo ra ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìyẹn tún le jù."

"Kí ló dé tó o fi ń fọ̀ ọ́?"

"Ilé ìfọṣọ ni mo ní, Mà."

Sísí fi ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀, ó gbé àwo ẹ̀gúsí sórí itan. "Ojú bàbá mi kò gba pupa, ó fi pupa sílẹ̀. Ọwọ́ tìẹ kò gba ọṣẹ, o wá ń wá funfun kiri."

Nínú mọ́tò tá a wọ̀ padà, Mopé kọjú sí fèrèsé. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ìtùnú, ṣùgbọ́n n kò mọ èwo nínú ìtàn méjèèjì ni kí n mú ìtùnú náà jáde. Tó bá jẹ́ pé ọgbọ́n ló mú Bàbá Funfun fi aláwọ̀ sílẹ̀, èèyàn lè kọ́ ọ. Tó bá jẹ́ pé àìrí ni, kí ni kí n sọ fún ọmọ ènìyàn? Pé kó lọ wá ojú tí kò ríran dáadáa? Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Ìjerò, ó kí mi pé ó dàárọ̀. Kò sọ ohun tó máa ṣe.

Oṣù ń lọ sópin. Kò pè mí, n kò sì pè é, ẹ̀rù ń bà mí láti gbọ́. Nígbà tó wá kù díẹ̀ kí oṣù náà parí, mo mú agbádá mi kan tó ti dọ̀tí, kó má baà dà bí ẹni pé mo wá ṣọ́ ọ, mo wọ mọ́tò lọ sí Ìjerò. Láti ọ̀nà ni mo ti rí èrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ilé àbúrò mi. Mo rò pé wọ́n wá kó aṣọ wọn lọ ni. Mo sún mọ́ wọn. Wọ́n gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì àti apẹ̀rẹ̀ dání, aṣọ tó wà nínú wọn ti mọ́, ó ti gbẹ, ó kàn rún ni. Àga oníke kò sí níbẹ̀ mọ́. Rọ́ọ̀gì kò sí níbẹ̀. Mopé wà lẹ́yìn tábìlì, áyọ́ọ̀nù kan ń gbóná lórí gáàsì, òmíràn wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ó kí mi láìdúró.

Mo bi obìnrin tó wà níwájú mi pé kí ló ń ṣẹlẹ̀. Ó ní iná ìjọba ti di ohun tí ojú ń wá, gbogbo èèyàn lè fọ aṣọ nílé, ta ló lè rí i lọ̀? Ó ní Mopé kì í fọ̀ mọ́, ó ń lọ̀ nìkan ni, ẹni tó bá gbé e wá láàárọ̀ á gbà á kí oòrùn tó wọ̀.

Mo kọjá síwájú, torí pé èmi ni bàbá. Mo gbé agbádá mi ka orí tábìlì. Ó tú u, ó wò ó, ó ká a padà.

"Bàbá, kò tíì di fífọ̀."

"Mo mọ̀. Ìwọ lo máa bá mi fọ̀ ọ́."

"N kì í fọṣọ mọ́, sà. Ẹ lọ fọ̀ ọ́ wá, tàbí kí ẹ gbé e lọ bá obìnrin òdìkejì títì yẹn. Ó ní ẹ̀rọ. Ẹ sọ fún un pé èmi ni mo ní kí ẹ wá."

"Èmi bàbá ẹ?"

"Ẹ̀yin náà, sà."

Àwọn tó wà lórí ìlà ń rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní kí n ṣe sùúrù, pé ó ti dá pásítọ̀ pàápàá padà láàárọ̀. Mo bi Mopé ní ohùn jẹ́jẹ́ pé Adó ńkọ́. Ó gbé áyọ́ọ̀nù tó tutù sórí gáàsì, ó mú èyí tó gbóná.

"Mo ti pè wọ́n, Bàbá. Mo ní n kò ráyè."

Mo gbé agbádá mi, mo sọdá títì. Obìnrin ẹlẹ́rọ gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní Mopé ló darí mi wá, àbí? Ó gbé àga fún mi. Mo jókòó níbẹ̀, mo ń wo ilé àbúrò mi lódìkejì, fèrèsé ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ooru áyọ́ọ̀nù ń ti ibẹ̀ jáde, ẹnì kan tún ń gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé. Inú mi dùn, n kò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí n óò sọ fún yín pé òun ló fà á, mo wá a títí agbádá mi fi gbẹ, n kò rí i.